Ọ̀fun Họ́ńdà 175

  Ẹ̀yin mẹkáníìkì ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, ní Òkèhò, ní Ìgbòho àti ní Kíṣì, tí ẹ gbé rédíò sórí àpótí sípánà, ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá lónìí, ẹ̀yin àti àwọn wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ tó wà ládùúgbò yín.

Ọ̀rọ̀ irin kékeré kan ni. Irin náà kì í yí, kì í gbéra, kì í dún. Bí ẹ bá tú alùpùpù palẹ̀ tí ẹ to ẹ̀yà rẹ̀ sórí àpò, òun lọmọdé lè mú ṣeré tí ẹnikẹ́ni ò ní jágbe mọ́ ọn. Àárín kábúrétọ̀ àti orí ẹ́ńjìnnì ló wà. Inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ibi tí púlọ́ọ̀gì á ti ṣáná sí wọn. Mánífóòdù lorúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn oníṣẹ́. Èmi á máa pè é ní ọ̀fun, torí pé iṣẹ́ ọ̀fun ló ń ṣe.

Kí n tètè yọ àwọn kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá jẹ́ Bajaj lẹ̀ ń gùn, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀kadà tó ń ti Ṣáínà wá, ẹ má da ara yín láàmú. Mánífóòdù tiwọn wà lọ́jà, ẹ rà á, ẹ dè é, ẹ máa lọ. Ẹni tí mò ń bá wí ni ẹni tí Họ́ńdà bàbá rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ páànù, tí adìyẹ ń sùn sórí ìjókòó rẹ̀. Họ́ńdà 175.

Ìran tó ṣáájú wa mọ̀ ọ́n dáadáa. CD175 ni ilé iṣẹ́ Honda pè é, wọ́n tún ń pè é ní Benly. Láti òpin àwọn ọdún 1960 wọ inú àwọn ọdún 1970 ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí ìjọba Gowon san owó àfikún tí wọ́n ń pè ní Udoji fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, alùpùpù wà lára ohun tí owó náà bá lọ. Nígbà tó di ọdún 1979, Honda fúnra rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ alùpùpù sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn Họ́ńdà ìgbà náà ti dàgbà báyìí. Ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ wọn ò tíì kú o, ọ̀fun ló sán.

Ohun tó mú 175 yàtọ̀ nìyí. Sìlíńdà méjì ló ní, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 52, písítínì á sì rin mìlímítà 41 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ á rí i pé méjèèjì pọ̀ jẹ́ síísíì 174. Síbẹ̀, kábúrétọ̀ kan ṣoṣo ni Honda fún àwọn méjèèjì. CB175, ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún eré sísá, ló ní kábúrétọ̀ méjì. Mánífóòdù CD175 wá di ẹlẹ́sẹ̀ méjì: ẹnu kan lọ́dọ̀ kábúrétọ̀, ẹnu méjì lọ́dọ̀ orí ẹ́ńjìnnì. Ohun tó bá wọlé gbọ́dọ̀ pín sí méjì lọ́gbọọgba. Bí ẹsẹ̀ kan bá gùn ju èkejì, tàbí tí ọ̀kan tẹ̀ kọrọdọ tí èkejì tọ́, sìlíńdà kan á máa jẹ àjẹyó, èkejì á máa gbààwẹ̀.

Àwọn tó ya ẹ́ńjìnnì náà ràn wá lọ́wọ́ níbì kan. Písítínì méjèèjì jọ ń gòkè ni, wọ́n jọ ń sọ̀ kalẹ̀, àmọ́ nígbà tí ọ̀kan bá ń fa èémí, iná ló ń ti èkejì wálẹ̀. Èémí wọn kì í kọlu ara. Wọ́n ń gbà á fún ara wọn, tèmi, tìẹ, tèmi, tìẹ, àlàfo àárín rẹ̀ sì dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí kábúrétọ̀ kan fi tó wọn.

Ẹ jẹ́ ká wo bí èémí ọ̀hún ti pọ̀ tó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan á fa èémí nígbà 3,000. Àádọ́ta èémí nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gbogbo èémí náà bá kún dẹ́nu, ohun tó máa gba ọ̀fun kékeré yẹn kọjá ní ìṣẹ́jú kan á lé ní lítà 500. Dúróòmù epo tí a mọ̀, lítà 200 ló ń gbà. Dúróòmù méjì àbọ̀ ó lé, nínú ihò tí àtàǹpàkò yín lè dí.

Iṣẹ́ kábúrétọ̀ ni láti wọn epo fún afẹ́fẹ́ yẹn. Kí gíráàmù pẹtiróòlù kan tó lè jóná tán pátápátá, ó ń fẹ́ gíráàmù afẹ́fẹ́ bíi 14.7. Kábúrétọ̀ ti parí ìwọ̀n yẹn kí ohunkóhun tó wọ mánífóòdù. Bí mánífóòdù bá wá sán, afẹ́fẹ́ mìíràn tí kò sí nínú ìṣirò á gba ojú sísán yọ́ wọlé. Epo á wá kéré sí afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó ń jó irú àdàlù bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná kọjá àlà, ó sì lè dá ihò sí písítínì lórí.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì mọ àmì rẹ̀. Ẹ tú ọwọ́ kúrò lára tọ́rọ́túùlù, ẹ́ńjìnnì ò rẹlẹ̀, ó ń ké fúnra rẹ̀. Tó bá sì yá, á dédé kú. Ó ń wúkọ́ padà sínú kábúrétọ̀. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì, ó funfun bí eérú. Ìgbà tí alùpùpù bá dúró sójú kan tó rọra ń jó ni àìsàn náà máa ń le jù, torí pé ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì ń fa èémí nígbà tí ẹnu kábúrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Ibi tí ó bá ti rí ihò, ibẹ̀ ló máa fi gbogbo agbára fà.

Kí là ń ṣe sí i? À ń gé rọ́bà inú táyà, à ń wé e mọ́ ọn, à ń fi wáyà dì í. Ẹlòmíràn á fi gọ́ọ̀mù olómi méjì rẹ́ ojú rẹ̀. Epo á jẹ gọ́ọ̀mù náà, ooru á yọ́ rọ́bà náà, ká tó dé Tedé ó ti tún ṣí. Èyí tó burú jù ni ti ẹni tó rí i pé epo kéré sí afẹ́fẹ́, tó wá mú abẹ́rẹ́ tó fi fẹ ojú jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ kí epo lè máa ya wọlé sí i. Ẹ́ńjìnnì á dákẹ́ ariwo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí jẹ́ẹ̀tì náà tún máa padà sí bó ṣe wà mọ́, alùpùpù á wá máa mu epo bí ẹni tí wọ́n fi ṣépè. Láyé tí epo ò gbówó lórí, èèyàn lè fi ojú fò ó. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí lítà kan tó wà nísàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, ta ni apá rẹ̀ ká jẹ́ẹ̀tì fífẹ̀?

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa níbí. Ẹ wo ojú ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́. Láti oṣù kọkànlá tí koríko bá ti gbẹ, eruku pupa ló ń tẹ̀ lé gbogbo ohun tó ní táyà. Ẹni tó ní Họ́ńdà lè fọ fílítà rẹ̀ lójoojúmọ́, kó sì rò pé òun ti ṣe tán. Ẹ̀yìn fílítà ni mánífóòdù wà. Eruku tó bá gba ojú sísán wọlé ò rí fílítà kankan pàdé, ó di sìlíńdà. Yanrìn àti epo pọ̀, iṣẹ́ tí sáńpépà ń ṣe ni wọ́n á ṣe sí ríìngì. Tó bá ṣe díẹ̀, èéfín aláwọ̀ búlúù á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, wọ́n á ní ríìngì ti lọ, wọ́n á pààrọ̀ ríìngì, wọ́n á sì da mánífóòdù tó sán padà sí ipò rẹ̀ kí ó lè jẹ ríìngì tuntun.

Ẹni kan lè sọ pé, ṣé ohun tí òyìnbó àti Jàpáànù fi ẹ̀rọ ńlá ṣe ni a ó wá jókòó sílé ṣe? Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Honda fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1946, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ tán, ebi wà ní Jàpáànù, ọkọ̀ ò sí. Soichiro Honda rí àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí iṣẹ́ ogun ti tán lọ́wọ́ wọn, ó dè wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Kò rí táǹkì, ó mú ohun èlò tí wọ́n ń rọ omi gbígbóná sí kí ẹsẹ̀ lè móoru lórí ibùsùn, ó fi ṣe táǹkì epo àkọ́kọ́. Ọdún 1948 ló tó sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ Honda Motor. Iṣẹ́ tí wọ́n fi àwọn ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe kí wọ́n tó dé ọwọ́ rẹ̀ ni pé wọ́n ń pèsè iná fún rédíò àwọn ológun. Nítorí náà, bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀ Họ́ńdà fún yín lónìí, ẹbí ni wọ́n.

Nílé tiwa ńkọ́? Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ni wọ́n mọ Ṣakí mọ́, lábẹ́ òkè Aṣàbàrí níbẹ̀, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí kábúrétọ̀. Àwọn baba wa ò sì kàn ń rọ irin tí wọ́n rà. Òkúta ni wọ́n ń yọ́ di irin. Ní ọdún 1904, òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn kan tó ń jẹ́ C. V. Bellamy tẹ àkọsílẹ̀ jáde fún àwọn onímọ̀ irin ní ìlú Ọba, nípa ìléru tó rí ní abúlé Ọlà-Ìgbì tí kò jìnnà sí Ọ̀yọ́. Àwọn tó mọ ìwọ̀n ooru nípa wíwo àwọ̀ iná lásán, tí wọ́n mọ amọ̀ tí iná ò lè là, kì í ṣe wọ́n ló yẹ kí ihò ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa dẹ́rù bà. Ohun tó kù ká fi kún un ni ìwọ̀n. Ọkọ́ tó fi ìwọ̀n ìka kan ṣì í á ṣì hú iṣu. Mánífóòdù tó fi ìwọ̀n irun orí ṣì í, afẹ́fẹ́ á rí ọ̀nà.

Ó yá, ẹ mú bírò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ nu ojú ibi tí mánífóòdù ń jókòó sí títí á fi dán. Ẹ fi bébà tó mọ́ lé e, ẹ fi ìka tó ní gíríìsì pa á káàkiri. Ojú ihò àti ojú bóòtù á yọ sára bébà bí òǹtẹ̀. Bébà yẹn ni òfin iṣẹ́ yín. Ẹ fi kálípà wọn inú ihò orí ẹ́ńjìnnì, ẹ wọn ẹnu kábúrétọ̀, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ má fi ojú wọn ọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ wọn bí kábúrétọ̀ ṣe máa jìnnà tó sí orí ẹ́ńjìnnì kí ó má baà kan férémù, kí páìpù fílítà sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Níbi tí ẹ bá dé yìí ni ìwà àṣejù ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é á fẹ́ kí ihò rẹ̀ fẹ̀ ju ti Honda lọ, pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń bí agbára púpọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ wa. Bí ihò bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ á máa rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, epo tó yẹ kó fò pẹ̀lú rẹ̀ á máa jábọ́ sára ògiri mánífóòdù, á di omi níbẹ̀. Ọ̀fun tó ṣe tóóró díẹ̀ tó sì gùn díẹ̀ ló ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára nígbà tí kò sáré. Èyí tó fẹ̀ tó sì kúrú wà fún ẹni tó fẹ́ sáré àsápajúdé. Ẹni tó ru àpò gbágùúdá méjì tó ń gun òkè tó lọ sí Adó-Àwáyè, irú agbára wo ló ń wá? Ẹ fi ihò náà sí ìwọ̀n tí Honda fi sí, kó sì dọ́gba láti ẹnu kábúrétọ̀ dé orí ẹ́ńjìnnì láìsí ibi tó dédé fẹ̀ tàbí tó dédé fún.

Ọ̀nà méjì ló wà láti ṣe é. Ti wẹ́dà ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí kò gùn. Ẹ gé irin pẹlẹbẹ tó nípọn bíi mìlímítà 8 tẹ̀ lé ojú bébà, ẹ lu ihò bóòtù sí i. Ẹ wá páìpù irin tí ihò rẹ̀ bá ìwọ̀n mu. Kí páìpù má baà wó sínú níbi tí ẹ ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ rọ yanrìn kún inú rẹ̀ dẹ́nudẹ́nu, ẹ dí ẹnu méjèèjì, ẹ fi iná sí i títí á fi pọ́n, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yan yanrìn náà gbẹ nínú agbada o! Omi tó bá kù nínú rẹ̀ á di ooru tí kò ríbi gbà, á sì yin ohun tí ẹ fi dí ẹnu páìpù bí ọta ìbọn. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi gáàsì àti igi idẹ jó o pọ̀ dípò iná mànàmáná, torí idẹ kì í fẹ́ ooru tó bẹ́ẹ̀, irin pẹlẹbẹ yín ò sì ní ká jù. Kó de irin pẹlẹbẹ náà mọ́ irin mìíràn tó nípọn gan-an kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Tó bá tutù, ẹ fi fáìlì róńdù wọ inú ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fá gbogbo idẹ tó yọ sínú. Èérún tó bá kù níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló máa gbé e mì.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù. Ó pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ó jọ èyí tí Honda ṣe: ká da á ní alùmíníọ̀mù.

Ẹ lọ bá àwọn tó ń da ìkòkò alùmíníọ̀mù. Gbogbo ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, yanrìn, èédú, ìléru, ẹ̀mú, ojú iná. Kódà ẹni tó da ìkòkò ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi yanrìn dá inú sí nǹkan, torí ìkòkò náà ní inú. Ohun kan tó máa ṣàjèjì sí i ni inú ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Káfíńtà á kọ́kọ́ fi igi gbẹ́ àpẹẹrẹ mánífóòdù, kó gbẹ́ ẹ tóbi ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ díẹ̀, torí alùmíníọ̀mù máa ń sún kì bó bá ń tutù. Ohun tó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 100, kí igi rẹ̀ lé ní mìlímítà 101. Ojú tó máa jókòó sórí ẹ́ńjìnnì, ẹ fi mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta kún un, ẹ ó ha á kúrò tó bá yá. Ẹ fi igi méjì ṣe àpótí kékeré tó la sí méjì fún inú rẹ̀. Yanrìn inú ni kì í ṣe yanrìn lásán: ẹ po yanrìn wẹ́wẹ́ tó mọ́ pọ̀ mọ́ ògì díẹ̀ tí ẹ ti rò bí ẹ̀kọ, kí ó kàn lè di ara mú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àpótí, ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín rẹ̀ kọjá bí eegun, ẹ yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ yan án nínú ààrò títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dúdú díẹ̀. Ó máa le, ẹ ó sì lè gbé e lọ́wọ́. Tí alùmíníọ̀mù bá ti yí i ká, ooru á jó ògì inú rẹ̀, yanrìn á padà di yanrìn, ẹ ó kàn gbọ̀n ọ́n dànù. Kí ìdí yanrìn náà gùn jáde níbi ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó lè rí ibi gbára lé nínú mọ́ọ̀dù yanrìn tí ẹ fi igi àpẹẹrẹ tẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ alùmíníọ̀mù á gbé e léfòó, ẹsẹ̀ kan á fẹ́lẹ́ lókè, á sì nípọn nísàlẹ̀.

Ní ti ohun tí ẹ máa yọ́, ẹ má lo agolo ọtí. Písítínì ògbólógbòó ni kí ẹ kó jọ. Alùmíníọ̀mù písítínì ní sílíkọ́ọ̀nù nínú, òun ló ń jẹ́ kó ṣàn dé gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù. Ẹ tún mọ̀ pé alùmíníọ̀mù ò fi àmì hàn bíi ti irin. Irin á pọ́n kó tó rọ̀, alágbẹ̀dẹ á sì rí i. Alùmíníọ̀mù tí kò ní àdàlù ń yọ́ ní ìwọ̀n 660 lórí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, lójú ọ̀sán kedere àwọ̀ rẹ̀ ò tíì yí padà nígbà náà. Ó kàn máa wó lulẹ̀ lójijì ni. Ìdí kan náà nìyẹn tí ọwọ́ wẹ́dà tó mọ irin dunjú fi máa ń gbọ̀n tí wọ́n bá ní kó jó mánífóòdù alùmíníọ̀mù tó sán. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ o, kì í ṣe sálúbàtà. Kí ilẹ̀ ibi tí ẹ ti ń da á sì gbẹ.

Yálà irin ni o, yálà alùmíníọ̀mù ni, ibi tí gbogbo rẹ̀ dá lé ni ojú rẹ̀. Ẹ wá dígí tó nípọn, ẹ tẹ́ sáńpépà lé e, ẹ ta epo díẹ̀ sí i, ẹ gbé ojú mánífóòdù lé e, ẹ máa fi yí bí ẹni ń kọ nọ́ńbà 8. Dígí ló tẹ́ pẹrẹsẹ jù nínú gbogbo ohun tó wà nílé yín. Tábìlì káfíńtà ò tó o. Ẹ máa ha á títí gbogbo ojú rẹ̀ á fi ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ibi tó bá ṣì dúdú, ibẹ̀ ló ṣì jìn.

Láàárín rẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ohun tí kì í gbé ooru kọjá sí i, kí epo má baà máa hó nínú kábúrétọ̀ lábẹ́ oòrùn oṣù kẹta. Pátákó aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń to ẹ̀yà inú rédíò àtijọ́ lé lórí dára fún un. Ẹ ha bàbà ara rẹ̀ kúrò, ẹ to bíi mẹ́ta léra. Fún gáásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé páálí tó le lé ojú mánífóòdù, kí ẹ fi orí òòlù tó rí roboto máa rọra lu etí rẹ̀ káàkiri, yóò gé ara rẹ̀ bó ṣe yẹ. Iṣẹ́ yìí, ọmọ iṣẹ́ yín ti mọ̀ ọ́n, kí n má wàásù fún wòlíì.

Kó tó gorí ẹ́ńjìnnì, ẹ dán an wò bí fọkanáísà ṣe ń wá ojú ìjò. Ẹ fi rọ́bà àti irin dí ẹnu méjì, ẹ so páìpù fọ́ńpù mọ́ ẹnu kẹta, ẹ rì í sínú báàfù omi, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀. Ibi tó bá ti ń hó, alùmíníọ̀mù yín ní ihò wẹ́wẹ́ níbẹ̀. Tó bá wá gorí ẹ́ńjìnnì, tí ẹ́ńjìnnì ń rọra jó, ẹ fi omi ọṣẹ ta sí gbogbo oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ó ti fa omi náà, ojú ìjò nìyẹn. Mo mọ̀ pé pẹtiróòlù làwọn kan máa ń ta sí i. Lórí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, tí wáyà púlọ́ọ̀gì wà nítòsí! Ẹ jọ̀ọ́, omi ọṣẹ.

Bí jẹ́ẹ̀tì kábúrétọ̀ yín bá ti fẹ̀ látijọ́, ìgbà yìí ni ẹ máa wá ọ̀tun, torí ọ̀fun tó dá ṣáká ò nílò epo àfikún mọ́. Ẹ gùn ún díẹ̀, kó tó bíi láti Ṣakí dé Àgọ́-Àrẹ, kí ẹ tó tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì wò. Kí àwọn méjèèjì jọra ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara yín bóyá àwọ̀ náà dára. Bí ti ọ̀tún bá rí bí ilẹ̀ pupa, tí ti òsì funfun, ẹ́ńjìnnì yín kò ṣàìsàn, ẹsẹ̀ òsì mánífóòdù ló ń jò. Sàìlẹ́ńsà méjì sì ni 175 ní, ẹ tẹ́ ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí sí yín lọ́wọ́. Ẹ máa mọ ìyàtọ̀.

Igi àpẹẹrẹ tí káfíńtà gbẹ́ ńkọ́, àti àpótí inú rẹ̀? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dáná o. Ẹ kọ CD175 sí i lára, ẹ kọ ìwọ̀n ihò rẹ̀ àti àlàfo bóòtù rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan wà ní Òkèhò tàbí ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí tó ní irú Họ́ńdà yìí, tí ọ̀fun tirẹ̀ náà ti sán. Tó bá dé ọ̀dọ̀ yín, kò ní san owó káfíńtà, yanrìn àti písítínì gbígbó nìkan ló máa kó wá.